Ṣé ebi ló ń sọ ọmọ labalábá di akọ? Ìdáhùn lórí Mary Treat àti iṣẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mary Treat fi han Charles Darwin pé bí a bá febi pa ọmọ labalábá nígbà tí ó ṣì jẹ́ kòkòrò ajẹwé, akọ ni yóò dà, bí a bá sì bọ́ ọ yó, abo ni yóò dà. Ṣé òótọ́ ni? Ta ni obìnrin náà gan-an? Ṣé onímọ̀ ni, àbí ẹni tí ń fi kòkòrò ṣeré nínú ọgbà rẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ebi kì í sọ abo labalábá di akọ. Láti inú ẹyin ni akọ ti jẹ́ akọ tí abo sì ti jẹ́ abo. Ṣùgbọ́n Mary Treat kì í ṣe ẹni tí ń fi kòkòrò ṣeré. Ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí lára àwọn labalábá náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni ó yẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ojú kan náà yìí tún fi rí ohun tí Darwin, pẹ̀lú gbogbo ìrírí rẹ̀, wò tì. Nítorí náà, bí ẹ óò bá dá akẹ́kọ̀ọ́ yín lóhùn dáadáa, ọ̀ràn méjèèjì ni kí ẹ gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń mú ọ̀kan, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀.

Labalábá tí ó fi ṣe ìdánwò rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Papilio asterias nígbà ayé rẹ̀, tí a mọ̀ sí Papilio polyxenes lónìí. Dúdú ni ìyẹ́ rẹ̀, àwọn àmì yẹ́lò sì tò sí etí ìyẹ́ náà. Ewé kárọ́ọ̀tì, pásílì àti àwọn ìbátan wọn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Mary Treat ń sin wọ́n, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn tí oúnjẹ wọn tán kí wọ́n tó jẹun yó, akọ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n hu ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ewé tútù kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn títí wọ́n fi kọ oúnjẹ fúnra wọn, abo ni ọ̀pọ̀ wọn. Kò tìtorí ẹ̀ẹ̀kan gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú àwọn mìíràn, ó pín wọn sí méjì, ó ń bọ́ apá kan, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu apá kejì, ìyàtọ̀ náà sì tún hàn. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Darwin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Darwin dáhùn pé nínú gbogbo ìdánwò tí òun mọ̀ lórí akọ àti abo labalábá, tirẹ̀ ni ó dára jù lọ, ó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí àwọn onímọ̀ yóò ti kà á. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di èyí tí ó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The American Naturalist ní ọdún 1873 nìyẹn. Ẹ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yín kò parọ́: ó fi ìwádìí náà han Darwin lóòótọ́, Darwin sì yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Lára labalábá, abo ni ó ní krómósómù (okùn tín-ín-tín inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé àbùdá) Z kan àti W kan. Akọ ní Z méjì. Kí ẹyin tó balẹ̀ sára ewé ni ó ti gbé W tàbí Z tirẹ̀ láti ara ìyá, kò sì sí iye ewé tí ọmọ tí ó bá pa láti inú rẹ̀ lè jẹ tí yóò yí i padà. Kí ni obìnrin náà wá rí? Abo labalábá sábà máa ń tóbi ju akọ lọ nítorí ẹyin tí yóò gbé, oúnjẹ tí yóò sì fi tó ìwọ̀n pọ̀ ju ti akọ lọ. Bí ìyàn bá wọ inú àpótí tí wọ́n wà, akọ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n lè fi ìwọ̀nba tí ó ti jẹ di labalábá kóńkó kan, ṣùgbọ́n abo tí ó ṣì kù díẹ̀ káàtó fún yóò kú sórí ìtì ewé. Bí a bá wá ka àwọn tí ó hu ìyẹ́ nìkan, akọ ni yóò kún ojú wa, a ó sì rò pé ebi ni ó dá wọn ní akọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ebi ti pa àwọn arábìnrin wọn.

Ọ̀nà kejì tí irú èyí fi lè ṣẹlẹ̀ ṣòro láti fura sí. Láàárín ọ̀pọ̀ labalábá, akọ máa ń tètè dàgbà ju abo lọ. Ẹni tí ó bá kó àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí oúnjẹ sọ́tọ̀, tí ó pè wọ́n ní àwọn tí kò jẹun púpọ̀, tí ó sì tún fi ewé tuntun síwájú àwọn tí ó ṣì ń jẹ, ti ṣa akọ sí apá kan àti abo sí apá kejì láìmọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, èmi náà ti kó sínú irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀ràn tí kò kan labalábá rárá, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè fi obìnrin yìí rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ni ó tẹ̀ lé e nígbà náà. Charles V. Riley, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ kòkòrò fún ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri, kò gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni ní 1873 tí ó lè na ìka sí ohun náà gan-an tí ń pín akọ níyà sí abo. Ó di ọdún 1905 kí Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà mìíràn, tó wo inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ìyẹ̀fun tí ó sì fi hàn pé krómósómù kékeré kan ni àmì tí a fi ń mọ ibi tí akọ ti ń wá. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ló wà láàárín ìwé Mary Treat àti ti Nettie Stevens. Ẹni tí ó bá ń bá Mary Treat wí, kí ó rántí pé wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn yàrá tí ìdáhùn wà nígbà tí ó ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ béèrè ẹni tí í ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1830, ni a bí i ní ìpínlẹ̀ New York, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Davis. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀, Ohio ni ó sì dàgbà sí. Kò rí yunifásítì lọ. Ní ọdún 1863, ó fẹ́ Joseph Treat, dókítà kan tí ó wà lára àwọn tí ń pariwo pé kí a tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ní 1868 ni wọ́n kó lọ sí Vineland ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ìlú tuntun tí Charles Landis dá sílẹ̀ ní 1861, tí wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, tí àwọn tí orí wọn kún fún èrò tuntun sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1869 ni ìwé rẹ̀ lórí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ní 1874 ọkọ rẹ̀ kó jáde nílé, kò sì padà.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Ó ń kọ̀wé fún Harper's àti àwọn ìwé ìròyìn mìíràn tí ń sanwó fún òǹkọ̀wé, ó sì ń wá ewéko àti kòkòrò fún àwọn onímọ̀ tí ó fẹ́ ra tàbí tí ó fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Asa Gray, ọ̀gá ìmọ̀ ewéko ní Harvard, wà lára àwọn tí ó ń kọ̀wé sí. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó yìí nítorí pé àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ sábà máa ń fò ó. Darwin ní ogún tí ó ń jẹ. Kò sí ọjọ́ kan tí ó fi kòkòrò wá owó iyọ̀. Mary Treat ní láti rí i pé ohun tí ó ń wò yóò di ohun tí ènìyàn fẹ́ kà, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ìwé rẹ̀ ń kà bí ìtàn, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan fojú aláwàdà wò ó.

Orí rẹ̀ bá a yan ilé sí ibi tí ó dára. Igbó páìnì ńlá kan wà nítòsí Vineland, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn, àbàtà rẹ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, kò sì sí oúnjẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà fún gbòǹgbò. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ewéko tí ń jẹ kòkòrò fẹ́ràn, nítorí pé wọ́n ń gba náítírójìn tí ilẹ̀ kò fún wọn lára ẹran tí wọ́n bá mú. Drosera wà níbẹ̀, tí irun ewé rẹ̀ ń sun oje tí ń dán bí ìrì òwúrọ̀, tí eṣinṣin tí ó bá bà lé e kò ní lè gbéra mọ́. Utricularia náà sì wà nínú omi.

Utricularia yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé òun ni ó gbé obìnrin náà ga. Ẹ lè rí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa nínú adágún omi tí kò ṣàn púpọ̀. Kò ní gbòǹgbò. Ó ń léfòó bí òwú aláwọ̀ ewé tí ó ta kókó, òdòdó rẹ̀ nìkan ni ó ń yọrí sókè, bẹ́ẹ̀ ni lára okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ omi ni àwọn àpò kéékèèké wà, tí òmíràn nínú wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ẹ bá fa á jáde lójijì nínú omi tí ẹ sì gbé e súnmọ́ etí, ẹ ó gbọ́ ohùn ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ wẹ́wẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé yanrìn ni ó ń bọ́ lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn àwọn àpò náà ni ó ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ láyé Darwin ni pé báwo ni kòkòrò omi ṣe ń dé inú àpò yìí. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu àpò tí ń ṣí sínú, tí kì í ṣí síta. Darwin fi irun àti nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ títí, kò rí i kí ilẹ̀kùn náà mira, ó sì parí èrò sí pé kòkòrò náà ni ó ń fi orí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn bí ẹni ti orí bọ ihò, tí yóò bọ́ sínú, tí ilẹ̀kùn yóò sì padé mọ́ ọn. Ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewéko tí ń jẹ kòkòrò nìyẹn ní 1875. Nínú ìwé kan náà ni ó ti dárúkọ Mary Treat, pé nínú gbogbo àwọn tí ń wo ewéko yìí, òun ni ó ṣe àṣeyọrí jù lọ láti rí gbogbo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Àṣeyọrí yìí kò ní àṣírí kan ju sùúrù lọ. Ó gbé ẹ̀ka Utricularia sínú omi lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì jókòó tì í. Kì í ṣe irun ni ó fi ń tọ́ ilẹ̀kùn. Ẹran tí ilẹ̀kùn náà ń dúró dè ni ó jẹ́ kí ó wá fúnra rẹ̀. Tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn tí ń yí bírí-bírí nínú omi, yóò wá sẹ́nu àpò, yóò máa jẹ nǹkan kiri lára irun tí ó yí ẹnu náà ká. Lójijì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ríran, ó sì tún ríran, inú àpò ni ó ti rí i. Nígbà mìíràn apá kan ara rẹ̀ ni yóò wọlé, tí ìyókù yóò wà níta, tí tanwíji náà yóò máa jà bí ẹja inú ìwọ̀. Bí ó ti ń rí èyí lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, títí kan ọ̀pọ̀ ìgbà, ó wá sọ pé ilẹ̀kùn náà mọ̀ ọ́n lára bí a bá fọwọ́ kàn án, àti pé kòkòrò kì í ti ara rẹ̀ wọlé, a ń fà á wọlé ni. Ó kọ ọ́ sínú Harper's ní ọdún 1876.

Darwin ka ìwé náà. Èsì rẹ̀ sí i ni pé ó dà bí ẹni pé òun ṣìnà pátápátá nípa ọ̀rọ̀ orí tí ń ti ilẹ̀kùn, àti pé kò yé òun ìdí tí òun kò fi lè mú kí ilẹ̀kùn náà mira pẹ̀lú gbogbo wàhálà òun. Mo fẹ́ràn Darwin fún èsì yìí. Ẹni tí gbogbo ayé ń tọrọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbà fún obìnrin kan ní Vineland tí kò ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kankan ju pálọ̀ rẹ̀ lọ.

Lónìí a mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ògiri àpò ń fa omi inú jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò fi wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ń fa omi mu. Bí kòkòrò bá kan irun ara ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà yóò já wọnú, ẹ̀gbẹ́ àpò yóò nà, omi àti kòkòrò yóò sì ya wọlé pọ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ènìyàn kò lè bá a. Ìdí nìyí tí Mary Treat fi ń rí kòkòrò níta, lẹ́yìn náà nínú, tí kò rí i lójú ọ̀nà. Kò mọ̀ pé fífà omi ni agbára náà ti wá, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò fi èrò ọkàn bò ó mọ́lẹ̀.

Lára ewéko tí ń pa ẹnu dé mọ́ eṣinṣin, èyí tí wọ́n ń pè ní Dionaea, ó ti ìka ara rẹ̀ bọ ẹnu ewé náà láti mọ bí ìdìmú rẹ̀ ṣe rí. Ó dá wákàtí fún ara rẹ̀. Kò lè dúró pé e.

Kí n má gbàgbé aláǹtakùn, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kòkòrò. Ó kó àwọn tí ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ wá sílé nínú ìgò, ó fi iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tútù tẹ́ ẹ fún wọn, wọ́n sì ń gbé pálọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹran ọ̀sìn. Ẹyọ kan wà tí ń fi igi wẹ́wẹ́ àti koríko gbígbẹ to ilé ìṣọ́ sókè yí ẹnu ihò rẹ̀ ká, tí yóò gbé igi kan lé orí èkejì lọ́nà tí wọ́n fi ń to igi ìdáná, tí yóò sì fi òwú rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Kòkòrò yìí ni ó sọ lórúkọ turricola ní ọdún 1880, orúkọ náà sì ṣì wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ di òní, Geolycosa turricola. Nínú ọgbà rẹ̀, ó ń wo àwọn ìyá aláǹtakùn tí ń pọn ọmọ wọn sẹ́yìn lọ́pọ̀lọpọ̀, àti agbọ́n tí ń wọ ihò lọ gbé wọn.

Àwọn onímọ̀ mìíràn fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tí ó bá wọn rí. Gustav Mayr ní ìlú Vienna pe agbọ́n kékeré kan tí ń mú kí igi óákù yọ kókó ní Belonocnema treatae. Auguste Forel pe èèrà kan ní Aphaenogaster treatae. Ó máa ń lo ìgbà òtútù ní Florida láàárín àwọn ọdún 1870, ibẹ̀ ni ó sì ti rí òdòdó funfun kan tí Sereno Watson wá pè ní Zephyranthes treatiae ní 1879. Ó kọ ìwé kan lórí èèrà lọ́dún 1879 àti òmíràn lórí àwọn kòkòrò tí ń ba irè oko àti ọgbà jẹ́ lọ́dún 1882. Àwọn àgbẹ̀ ni ó kọ ti kejì yìí fún. Ó kú ní ọdún 1923, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún ni, ní ìpínlẹ̀ New York tí a ti bí i.

Nípa ti kíláàsì yín, n kò ní kí ẹ kàn sọ fún ọmọ náà pé ohun tí ó kà kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Papilio demodocus, ìbátan labalábá tí Mary Treat lò, wà lára igi ọsàn ní àdúgbò yín. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣì kéré, ìgbẹ́ ẹyẹ ni yóò jọ lójú ewé. Bí ó bá dàgbà, yóò di aláwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, ìwo pupa rírọ̀ méjì yóò yọ lẹ́yìn orí rẹ̀ pẹ̀lú òórùn tí kì í tètè lọ lọ́wọ́. Ẹ kó wọn láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní ẹyin, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá tóbi. Ẹ ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yàn wọ́n fún ara rẹ̀. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀, kí apá kan máa rí ewé ọsàn jẹ lójoojúmọ́, kí ewé apá kejì sì máa tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí èyíkéyìí bá kú, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kú sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ àwọn tí ó bá hu ìyẹ́ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣírò àwọn òkú kí ó tó ṣírò àwọn alààyè.